Pósítà fíìmù ìgun-ìgbì tí mo tẹ̀ ní Òṣogbo: ẹ fi fílẹ́ẹ̀sì sílẹ̀, síkírìnì ni kẹ́ ẹ lọ tẹ̀

Bí ẹ bá fẹ́ tẹ pósítà tí àwọ̀ rẹ̀ máa pe èèyàn láti òdìkejì títì, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn onífílẹ́ẹ̀sì, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ ńlá tẹ báńà. Ẹ wá ẹni tó ń fi síkírìnì tẹ̀wé, ìyẹn aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n nà sára férémù tí tàdáwà ń gbà kọjá, kí ẹ sì bi í bóyá ó ní tàdáwà tó ń tàn yòò, irú àwọ̀ tó wà lára jákẹ́ẹ̀tì tí àwọn tó ń darí mọ́tò lójú títì máa ń wọ̀. Mo ti gbé iṣẹ́ kan náà fún oríṣi atẹ̀wé méjèèjì nílùú yìí, mo sì ti rí ìyàtọ̀ wọn.

Àbúrò mi ọkùnrin ló ni iṣẹ́ náà. Ó ń gun ìgbì òkun ní Tarkwa Bay l'Ékòó, níbi tí wọ́n ti ń dúró lórí pátákó gbọọrọ tí ìgbì á máa gbé wọn bọ̀ létí òkun. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ya fíìmù kékeré kan nípa ara wọn, wọ́n ní kí n bá àwọn ya pósítà rẹ̀. Iṣẹ́ àwòrán ni mò ń ṣe jẹun, inú mi sì dùn, torí ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ràn pósítà irú fíìmù bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n yà, ọ̀dọ̀ ayàwòrán kan tó ń jẹ́ John Van Hamersveld ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́ ṣì ni nígbà tó ya pósítà The Endless Summer, fíìmù ìgun-ìgbì tí Bruce Brown ṣe, ní California lọ́dún 1964. Fọ́tò tí wọ́n yà létíkun Salt Creek ló fi ṣe é. Ó yọ gbogbo àwọ̀ eérú tó wà láàárín dúdú àti funfun kúrò nínú fọ́tò náà, títí èèyàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi di òjìji dúdú. Ọ̀kan gbé pátákó rẹ̀ lérí, kò sí ojú, kò sí imú, síbẹ̀ ìdúró wọn nìkan ti sọ pé òkun ni wọ́n ń lọ. Ó wá da píńkì, àwọ̀ ọsàn àti yẹ́lò tó ń tàn yòò sí i, kálukú wà ní ààyè rẹ̀, kò sí èyí tó yọ́ wọnú èkejì. Fíìmù náà fúnra rẹ̀ dé Dakar, Accra àti Èkó kó tó dé South Africa. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà méjì inú rẹ̀, Robert August àti Mike Hynson, ti gun ìgbì l'Ékòó tipẹ́ kí wọ́n tó bí àbúrò mi.

Láyé ìgbà yẹn, àwọn tó ń ṣe fíìmù ìgbì kì í sábà rí sinimá ńlá gbé e fún. Wọ́n á háyà gbọ̀ngàn iléèwé, wọ́n á lẹ pósítà káàkiri, Brown á sì dúró níwájú èrò, á máa fẹnu ara rẹ̀ ròyìn bí àwòrán bá ṣe ń lọ. Pósítà ni gbogbo ìpolówó tí wọ́n ní, ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ pariwo.

Òṣogbo mọ irú àwòrán yìí. Lọ́dún 1964 yẹn náà ni Georgina Beier ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ ọnà ní Mbárí Mbáyọ̀, ilé iṣẹ́ ọnà àti eré tí Dúró Ládiípọ̀ dá sílẹ̀ níbí ní 1962. Àwọn bíi Rufus Ògúndélé àti Adébísí Fábùnmi gbẹ́ àwòrán sára línò, ohun pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, dúdú kìjikìji lẹ́gbẹ̀ẹ́ funfun. Ó ń dùn mí pé nílùú tó ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀, fílẹ́ẹ̀sì ni gbogbo wa ń sáré lọ bá báyìí.

Èmi náà kọ́kọ́ lọ síbẹ̀, torí ọjọ́ ti súnmọ́ tòsí. Mo ní kí atẹ̀wé náà tẹ kékeré wò fún mi ná, ó ní kò sáyè. Ó tẹ gbogbo rẹ̀, ó sì gba owó rẹ̀ pé. Píńkì mi ṣú, àwọ̀ ọsàn mi pọ́n bí ilẹ̀. Tàdáwà mẹ́rin péré ni ẹ̀rọ yẹn ń pò mọ́ra wọn, kò sì sí bó ṣe lè pò ó tí yóò fi tàn. Tàdáwà tó ń tàn yòò, irú Day-Glo tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Robert àti Joseph Switzer, ṣe ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1930, ń gba ìtànṣán tí ojú wa ò lè rí, á wá dá a padà ní àwọ̀ tí a lè rí. Ìyẹn ló ń jẹ́ kó mọ́lẹ̀ ju bébà tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá mi fi síkírìnì tẹ̀ ẹ́ kì í sábà tẹ ju singílẹ́ẹ̀tì ìsìnkú àti báàgì ìkómọ lọ, àmọ́ ó mọṣẹ́. Ó kọ bébà tí mo mú wá. "Ẹ̀gbọ́n, bébà yìí ti pọ́n díẹ̀, á pa àwọ̀ yín. Ẹ wá èyí tó funfun báláú." Òótọ́ ló sọ, torí tàdáwà yẹn kì í nípọn, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ máa ń hàn. Síkírìnì kan fún àwọ̀ kan. Ó fi kẹ́míkà pa aṣọ síkírìnì náà nínú òkùnkùn, ó gbé àwòrán lé e, ó fi gíláàsì tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sóòrùn, ó sì fomi fọ̀ ọ́. Ẹni tó bá mọ adìrẹ ẹlẹ́kọ á tètè lóye rẹ̀: bí aró kì í ṣe é mu ibi tí ẹ̀kọ bá bò, bẹ́ẹ̀ ni tàdáwà kì í kọjá níbi tí kẹ́míkà bá dí. Yẹ́lò ló kọ́kọ́ fi rọ́bà fà, dúdú ló kẹ́yìn. Ó ní kí n jẹ́ kí píńkì gba abẹ́ dúdú kọjá, kí funfun má baà yọ létí àwọn òjìji náà bí bébà bá sún. Nígbà tó gbé síkírìnì dúdú kúrò lórí ẹ̀dà àkọ́kọ́, tí àbúrò mi dìde lórí ìgbì láàárín píńkì yẹn, mo pariwo.

Kò pé tán ṣá o. Lára àwọn kan, àlà funfun tín-ín-rín yọ láàárín píńkì àti àwọ̀ ọsàn, nítorí pé tábìlì rẹ̀ kò di bébà mú dáadáa. Ó yọ wọ́n sọ́tọ̀ fúnra rẹ̀, kò sì gba owó wọn. Ó tún pẹ́ ju ọjọ́ tó dá lọ, torí òjò kò jẹ́ kí tàdáwà gbẹ. Máàkì mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni mo fún iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ti owó, iye síkírìnì ni wọ́n máa kọ́kọ́ kà fún yín, kì í ṣe iye bébà. Bó bá jẹ́ ẹ̀dà mẹ́wàá, owó ọ̀kọ̀ọ̀kan á gani lára, bó bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún, kò ní ga tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ dín àwọ̀ yín kù kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹ má sì gbé e kọ́ síbi tí oòrùn ti ń wọlé o. Oòrùn tó ń jẹ́ kó tàn náà ló ń pa á. Èyí tí atẹ̀wé náà lẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ti ń ṣá, tèmi tó wà lára ògiri inú yàrá ṣì wà bó ṣe wà. Àbúrò mi ti ní kí n bá òun tẹ òmíràn sí i, mo sì ti sọ fún ọmọkùnrin náà pé kó kọ́kọ́ tún tábìlì yẹn ṣe.