X-Plane 12 àti FlightGear: ṣé ó yẹ kéèyàn sanwó nígbà tí ọ̀fẹ́ wà?

Ẹni tó bá ti ń fi FlightGear, sìmúlétọ̀ ọ̀fẹ́ (ètò tó ń ṣe bíi bàálù gidi), fo bàálù lórí kọ̀ǹpútà, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi bi í pé kí ló ṣì ń dúró dè. Àwọn tó ti sanwó á máa fi àwòrán ìkùukùu àti etí òkun ránṣẹ́, onítọ̀hún á máa wo tiẹ̀ tìtìjú-tìtìjú. Ọ̀rọ̀ náà gbé mi lọ́kàn títí mo fi ra X-Plane 12, sìmúlétọ̀ tí wọ́n ń tà. Kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí: mo rà á, kò dùn mí pé mo rà á, ṣùgbọ́n mi ò yọ FlightGear kúrò, mi ò sì ní yọ ọ́. Ti Microsoft, ìyẹn Microsoft Flight Simulator tó rẹwà jù nínú gbogbo wọn, èmi ò fọwọ́ kàn án. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ rò fún yín, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé níbí, tẹ́ ẹ máa ń ṣírò dátà kẹ́ ẹ tó tẹ nǹkan, tí iná sì lè lọ nígbà tí táyà bàálù ku díẹ̀ kó kan ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ẹ̀tọ́ fún ẹlẹ́tọ̀ọ́. Ọdún 1996 ni wọ́n gbé àbá FlightGear kalẹ̀, ó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1997, àwọn tó ń fi àkókò ara wọn ṣiṣẹ́ láìgbowó ló sì gbé e dé ibi tó dé lónìí. Ìwé àṣẹ GPL tí wọ́n fi gbé e jáde fàyè gba ẹnikẹ́ni láti lò ó, láti tún un ṣe, kódà láti tà á. Ibẹ̀ yẹn làwọn kan ti rí jẹ. Wọ́n á gbé FlightGear, wọ́n á fún un lórúkọ mìíràn, wọ́n á lẹ àwòrán bàálù ńlá mọ́ ọn, wọ́n á wá máa tà á fún ẹni tí ò mọ̀. Òfin ò dè wọ́n, àmọ́ kí lẹ fẹ́ san owó fún? Bí ẹ bá rí sìmúlétọ̀ tí wọ́n ń pariwo pé kò sírú ẹ̀ láyé, tí ẹ ò sì rí ẹni tó kọ ọ́ níbì kankan, ẹ rọra ṣe. Sísanwó irú èyí kì í ṣe àyípadà rárá, nǹkan tó ti wà lọ́wọ́ yín náà ni.

Cessna 172P ló mú mi dúró ti FlightGear. Ẹni tó bá rò pé nǹkan ọ̀fẹ́ kì í kún, kó lọ wo bàálù yìí. Kẹ́ ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, ẹ máa jáde síta, ẹ máa rìn yí i ká. Ẹ tú okùn tí wọ́n fi so ó mọ́lẹ̀. Ẹ yọ ohun tí wọ́n fi há táyà. Ẹ ṣí ìbòrí kékeré tó wà lórí páìpù tó ń gba atẹ́gùn sínú lábẹ́ apá. Bí ẹ bá gbàgbé èyí tó kẹ́yìn yẹn, ẹ máa sáré títí lórí rọ́ńwè, abẹ́rẹ́ tó ń sọ iyára ò ní kúrò lórí òdo, àyà yín á sì já. Ẹ lè ní kí omi máa dà pọ̀ mọ́ epo nígbà míì, kẹ́ ẹ máa fi ife bù ú wò kẹ́ ẹ tó gbéra. Ẹ lè jẹ́ kí yìnyín máa dì nínú kabúrétọ̀ lójú òfurufú, kí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, kẹ́ ẹ wá ọwọ́ tẹ́ ẹ máa fà. Ẹ̀rọ ìṣirò tó ń jẹ́ JSBSim tó ń gbé bàálù náà kì í ṣe ti ọmọdé. NASA gan-an ti lò ó. Cessna tó wà nínú X-Plane jẹ́ irú 172 tó dé lẹ́yìn, tó ń fi ìtúpẹ̀ẹ́ fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì. Kò ní kabúrétọ̀, nítorí náà ẹ̀kọ́ yìnyín kabúrétọ̀ yẹn, inú ọ̀fẹ́ ni mo ti kọ́ ọ.

Kí ló wá lé mi jáde? Àwòrán kọ́. Mo máa ń gbéra láti Murtala Muhammed ní Ìkẹjà, mo máa kọ imú bàálù sí 040 lójú kọ́ńpáàsì (ìyẹn àríwá ìlà oòrùn), kò ní ju nǹkan bíi máìlì òkun 60 lọ tí mo fi máa dé Ìbàdàn. Adùn ìrìn àjò yẹn ni pé rọ́ńwè Alákíà, pápákọ̀ òfurufú Ìbàdàn, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 04/22 (ìyẹn 040 àti 220 lójú kọ́ńpáàsì), kọjú sí ọ̀nà kan náà tẹ́ ẹ gbà wá, tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá di ọ̀nà yín mú dáadáa, níwájú yín gbọọrọ ló máa yọ sí. Nínú FlightGear tèmi, ewé àti ilẹ̀ pupa ló kún àárín ìlú méjèèjì, ilé ò tó nǹkan, ọ̀nà márosẹ̀ tó yẹ kéèyàn máa tẹ̀ lé ò hàn tó. Mo fara da ìyẹn. Bàálù ńlá ni mi ò lè fara da. Àwọn kan wà tó dára gan-an, ṣùgbọ́n nínú àwọn míì, bọ́tìnnì tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn, àwòrán lásán ni. Ẹni tó ń ṣe é ti rìn lọ, kò sẹ́ni tó bá a parí ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń to ọ̀nà sínú kọ̀ǹpútà bàálù láti Èkó dé Accra kò lè máa ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwòrán. G1000 ti Garmin, ojú ẹ̀rọ tó ń fi iyára àti ọ̀nà han awakọ̀, náà wà níbẹ̀, àmọ́ kò tíì pé.

X-Plane kì í béèrè owó kẹ́ ẹ tó tọ́ ọ wò, ọ̀wọ̀ tí mo sì kọ́kọ́ ní fún wọn nìyẹn. Demo rẹ̀, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ń tọ́ ọ wò, wà lọ́fẹ̀ẹ́: agbègbè Portland ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà ni wọ́n sé yín mọ́, wákàtí kan sì ni lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá pé, ẹ pa á, ẹ tún un tàn. Portland ò jẹ́ nǹkan kan sí mi, àmọ́ kọ̀ǹpútà tókunbọ̀ mi ni mo fẹ́ dán wò, mo sì fẹ́ mọ bí bàálù ṣe máa rí lọ́wọ́.

Ọwọ́ gan-an ni ìyàtọ̀ náà wà. JSBSim máa ń lo àtẹ nọ́ńbà tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ fún bàálù kọ̀ọ̀kan. Austin Meyer tó dá X-Plane sílẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn: kọ̀ǹpútà máa gé apá bàálù sí wẹ́wẹ́, á ṣírò agbára tí atẹ́gùn ń fi ti ègé kọ̀ọ̀kan, á tún un ṣe léraléra láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìwé yẹn ṣe, ẹ lọ balẹ̀ sórí rọ́ńwè 18L l'Ékòó, tó kọjú sí gúúsù, lọ́jọ́ tí atẹ́gùn bá ń wá láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn bó ṣe máa ń ṣe. Apá ọ̀tún á máa fẹ́ gbéra, ẹ máa tẹ joystick (ọ̀pá ìdarí) sí ọ̀tún láti mú un mọ́lẹ̀, ẹ máa fi ẹsẹ̀ òsì mú imú bàálù tọ́, bí iyára bá sì ṣe ń dín kù lẹ máa nílò kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ sí i. Tí ẹ bá dẹwọ́ nítorí pé táyà kan ti kan ilẹ̀, ó máa gbé yín lọ sínú koríko. Ní FlightGear, irú ìbalẹ̀ yìí máa ń rọ̀ jù fún mi. Ti X-Plane máa ń mú mi làágùn.

Ojú ọjọ́ ni nǹkan kejì. Àwọn méjèèjì lè fa ojú ọjọ́ gidi wọlé láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì jẹ dátà púpọ̀. Ṣùgbọ́n nínú X-Plane 12, òjò máa ń ta sára gíláàsì, á máa ṣàn bí iyára ṣe tì í, nǹkan tí ń nu gíláàsì á sì nù ún dànù. Lásìkò ọyẹ́ ni mo tún mọyì ẹ̀ jù. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìròyìn ojú ọjọ́ Èkó pé ojú ò ríran jìnnà, ẹ máa gbéra, ilẹ̀ á sì parẹ́ sínú funfun rúúrúú tí kì í ṣe ìkùukùu. Ẹ máa wá Ìbàdàn títí. Ẹni tó ti wọ bàálù nínú oṣù kìíní lọ́dọ̀ wa á mọ ohun tí mò ń sọ.

Ìlú Ìbàdàn fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má retí ẹ̀. X-Plane máa ń fi máàpù OpenStreetMap to ọ̀nà àti ilé, ọ̀nà náà sì jóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ilé tó ń kó síbẹ̀ ò mọ Ìbàdàn rí. Òrùlé páànù tó ti dípẹtà tí a fi ń dá ìlú náà mọ̀ láti òkè, kò sí. Pápákọ̀ òfurufú pẹ̀lú, iṣẹ́ àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló pọ̀ jù nínú wọn, tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ Laminar Research tó ni X-Plane. Èyí tí ẹnì kan bá fẹ́ràn á dára, èyí tí kò lólùfẹ́ á dà bí ọjọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọ̀dà sí i. Ohùn àwọn tó ń darí ọkọ̀ láti ilé ìṣọ́ náà ò wú mi lórí. Ẹ dara pọ̀ mọ́ VATSIM, àwùjọ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn èèyàn ti ń ṣe awakọ̀ àti adarí ọkọ̀ òfurufú, tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá ènìyàn gidi sọ̀rọ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé kẹ́ ẹ tó wọlé, wọn kì í ní sùúrù fún ẹni tí kò mọ ohun tó fẹ́ sọ.

Ti Microsoft yàtọ̀ síyẹn pátápátá. Lóṣù kẹjọ ọdún 2020 ni èyí tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde, ilé iṣẹ́ Asobo ní Bordeaux, ilẹ̀ Faransé, ló kọ ọ́, àwòrán ilẹ̀ láti ojú ọ̀run tó jẹ́ ti Bing, máàpù Microsoft, ni wọ́n sì tẹ́ sílẹ̀. Mo wò ó nílé ọ̀rẹ́ mi kan. Òrùlé dídípẹtà Ìbàdàn wà níbẹ̀! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ káàdì mi lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ayé yẹn wà, ó pọ̀ kọjá ohun tí kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni lè gbà, bí ẹ ṣe ń fò ló ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Èyí tó jáde lóṣù kọkànlá ọdún 2024 tún wá burú sí i lórí ọ̀rọ̀ yìí: bí kò bá sí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ò fò. Iyára íntánẹ́ẹ̀tì megabit 10 ní ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n kà sí èyí tó kéré jù, 50 ni wọ́n dámọ̀ràn. Lọ́jọ́ tó jáde gan-an, ọ̀pọ̀ tó sanwó ni kò rí i wọ̀ nítorí pé ẹ̀rọ Microsoft ò lè gba èrò. Nígbà tó jáde, owó tó kéré jù jẹ́ 70 dọ́là, èyí tó ga jù sì jẹ́ 200. Gígabáìtì 16 ni RAM tó kéré jù tí wọ́n ní kẹ́ ẹ ní, wọn ò sì ṣe é fún Linux, tí FlightGear àti X-Plane ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ní íntánẹ́ẹ̀tì tí kò lópin, tó sì ní Xbox tàbí kọ̀ǹpútà tó lágbára, kó má wulẹ̀ dúró gbọ́ tèmi.

Iye X-Plane ò jìnnà sí èyí tó kéré jù nínú ti Microsoft, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa wa á sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ tó ń gbé e wọlé máa fi máàpù ayé hàn yín, ẹ máa fọwọ́ tẹ ibi tẹ́ ẹ fẹ́ fò. Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni mo mú, mo sì fi gúúsù England kún un. Òru ni mo fi í sí kó máa wọlé, nígbà tí dátà ò wọ́n. Sísan owó náà ló fẹ́ dá mi dúró: káàdì náírà mi kọ̀, báńkì ní kí n máa bọ̀ lọ́la, káàdì dọ́là orí fóònù ló gbà mí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Àwọn tó ń ta bàálù olówó iyebíye á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sí yín lọ́tùn-ún lósì, àwọn míì sì ń gba owó tó tó ti X-Plane fúnra rẹ̀ lórí bàálù kan ṣoṣo. Ẹ má dá wọn lóhùn ná. Boeing 737-800 tó bá X-Plane wá, àwọn kan ti tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, Zibo ni wọ́n ń pè é, ó sì jinlẹ̀ ju ọ̀pọ̀ tí wọ́n ń tà lọ. Máàpù ojú ọ̀nà òfurufú Navigraph jẹ́ owó oṣooṣù tàbí ti ọdún; èmi ò tíì nílò rẹ̀. Joystick tó ṣeé yí fún ìdarí imú bàálù ni kẹ́ ẹ rà, tókunbọ̀ wà ní Computer Village. Àwọn tó ń múra ilé ẹ̀kọ́ bàálù, ní Zaria tàbí ní Ìlọrin, máa ń bi mí bóyá wákàtí tí wọ́n bá fò nílé máa kà. Kò ní kà. X-Plane ní irú kan tí àjọ FAA tó ń darí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà máa ń fọwọ́ sí, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ̀rọ tí wọ́n fọwọ́ sí pẹ̀lú, kì í ṣe lórí tábìlì inú yàrá.

Bí káàdì gíráfíìkì yín bá jẹ́ gígabáìtì 4 bíi tèmi, ẹ wá ibi Data Output nínú X-Plane, ẹ ní kó máa fi iye fírémù (iye àwòrán tó ń yọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan) hàn lójú kọ̀ǹpútà. Ohun tẹ́ ẹ ń ṣọ́ ni 20. Tó bá ti lọ sílẹ̀ jùyẹn lọ, X-Plane máa dẹ aago fúnra rẹ̀ kí ìṣirò má baà bàjẹ́: bàálù á máa rìn jẹ́jẹ́, ẹ máa rò pé ẹ ti mọ̀ ọ́n balẹ̀, tó jẹ́ pé aago ló ń falẹ̀. Ẹ dín òjìji kù, ẹ dín ìkùukùu kù, ẹ gbé FSR (tó ń ya àwòrán ní kékeré kó tó fẹ̀ ẹ́) sókè, ẹ fi ìwọ̀n ohun tó wà lórí ilẹ̀ sí àárín. Pẹ̀lú ìyẹn, mò ń rí nǹkan bí 30 láàárín Èkó àti Ìbàdàn, ó sì tó mi.