Bíárìn onírọ́bà 2RS tí mo fi sí táyà ọ̀kadà mi: ó dáa gan-an, àmọ́ ẹ ṣọ́ ọwọ́ tó ń táìtì axle, irin tó gba àárín táyà kọjá

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo sí Ìlọrin ni mo máa ń fi ọ̀kadà kẹ́rù gbà, tí mo bá sì yà sí apá Ìgbàjà, eruku pupa ni tó bá di ọyẹ́, ẹrẹ̀ ni tójò bá dé, torí náà kò sí nǹkan tó ń jẹ owó mi lára ọ̀kadà yìí tó bíárìn táyà ẹ̀yìn (òrùka irin méjì, ọ̀kan nínú ọ̀kan, tí bọ́ọ̀lù irin wà láàárín wọn kí táyà lè máa yí), ẹ́ńjìnnì gan-an ò yọ mí lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀.

Èyí tí mò ń lò báyìí ni 6301 2RS. Ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára ti àtijọ́ dáadáa kẹ́ ẹ tó lọ sọ́jà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn fojú wọ̀n ọ́n fún yín. 01 tó gbẹ̀yìn yẹn ni ihò inú ẹ̀, mìlímítà 12, 02 jẹ́ 15, 03 jẹ́ 17, tó bá wá ti di 04 lọ sókè ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún, bíi 04 tó jẹ́ 20. Ihò 6201 náà jẹ́ 12 o, àmọ́ ìta ẹ̀ ò ju 32 lọ, ti 6301 jẹ́ 37, ẹ rí i pé wọn ò lè jọ bá họ́ọ̀bù kan náà mu, ìyẹn àárín táyà tí bíárìn ń jókòó sí. 2RS yẹn ni pé rọ́bà bo ojú ẹ̀ méjèèjì. ZZ, páànù ni wọ́n fi bò ó, páànù yẹn ò sì kan òrùka inú, àyè tóóró kan wà níbẹ̀ tí omi àti eruku ń gbà wọlé. Nígbà tá a tú ZZ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, gíríìsì inú ẹ̀ ti pọ́n bíi yẹ̀pẹ̀ ojú títì, tẹ́ ẹ bá fi ìka yí i á máa ṣe gùrù-gùrù lọ́wọ́ yín. Onírọ́bà yìí ti la òjò kọjá, a tú u wò, ó ṣì ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ láìdún. Owó ẹ̀ wọ́n jù ti ZZ lọ lóòótọ́, ó sì máa ń le díẹ̀ lọ́wọ́ tó bá ṣì tuntun, ìyẹn ò kí ń ṣe àléébù, rọ́bà ẹ̀ ló ń fa ara mọ́ òrùka. Kẹ́ ẹ ṣáà má gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi máṣíìnì fọ mọ́tò kí wọ́n wá kọjú omi tó le yẹn sí àárín táyà, rọ́bà ò lè dá ìyẹn dúró.

Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé, torí ibẹ̀ ni bíárìn tó dáa ti ń kú ikú àìtọ́jọ́. Mẹ́káníìkì kan tí mi ò ní dárúkọ ẹ̀ kó bíárìn tuntun sí i fún mi nígbà kan, kò dá búùṣì gígùn, páìpù irin tó wà láàárín bíárìn méjèèjì nínú họ́ọ̀bù, padà, ó ní kò ṣe nǹkan kan. Ó ń ṣe nǹkan o! Tá a bá ń táìtì nọ́ọ̀tì axle, òrùka inú bíárìn ti apá kan là ń tẹ̀, búùṣì yẹn ló ń gba agbára náà lọ fún òrùka inú ti apá kejì, gbogbo wọn á wá di ẹyọ irin kan. Tí búùṣì ò bá sí níbẹ̀, tàbí tó ti jẹ tó sì kúrú, ńṣe lẹ̀ ń ti òrùka inú bíárìn méjèèjì síra wọn, àwọn bọ́ọ̀lù inú ẹ̀ á máa rìn létí kòtò wọn, á gbóná, á fọ́. Bẹ́ ẹ bá sì fi nọ́ọ̀tì sílẹ̀ ní lúùsù, òrùka inú á máa yí lórí axle, á máa ha irin yẹn títí táyà á fi máa mì tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ ya kọ́nà.

Àwọn tó ń ki páìpù bọ ìdí sípánà kí wọ́n tó jókòó lé e, mo bẹ̀ yín, ẹ dáwọ́ dúró. Torque wrench tòkunbọ̀ ni mo rà, sípánà tó ń wọn bẹ́ ẹ ṣe ń táìtì tó, ó máa ń dún kọ́ tí nọ́ọ̀tì bá ti le dé ibi tẹ́ ẹ yàn. Iye Nm (ìwọ̀n agbára tẹ́ ẹ fi ń táìtì) tẹ́ ẹ máa yàn wà nínú ìwé ọ̀kadà yín, ẹ má lo ti ọ̀kadà ẹlòmíì, kẹ́ ẹ sì nu tíréèdì kó mọ́ kó gbẹ, torí tí epo bá wà níbẹ̀ á le ju iye tẹ́ ẹ yàn lọ. Ẹ kọ́kọ́ wo ṣéènì kẹ́ ẹ tó táìtì, kí àmì ọ̀tún àti ti òsì bára mu, kẹ́ ẹ tún padà wo ṣéènì lẹ́yìn ẹ̀ torí axle lè sún. Ẹ wá gbé táyà kúrò nílẹ̀, ẹ di òkè àti ìsàlẹ̀ ẹ̀ mú, ẹ mì í. Kò gbọ́dọ̀ mì rárá, kó sì máa yí fẹ̀rẹ̀.

Àfáà tó ń tún ọ̀kadà ṣe fún mi báyìí, ó máa ń wá sọ́kẹ́ẹ̀tì tó fẹjú tó òrùka ìta kó tó fi bíárìn wọlé. Mo gbọ́ tó ń sọ fún ọmọṣẹ́ ẹ̀ pé, "Ìta ẹ̀ ni o ó tẹ̀, inú ò gba òòlù." Ẹni tó bá ti fi òòlù lu òrùka inú nígbà tó ń kì í bọlé ti ba tuntun jẹ́ kí táyà tó fọwọ́ kan ilẹ̀.

Ẹ ra bíárìn méjèèjì, ti ọ̀tún àti ti òsì, pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà bíárìn kẹta wà nínú ibi tí sprocket ẹ̀yìn (irin eléyín tí ṣéènì ń fà) jókòó lé, nọ́ńbà ẹ̀ sì lè yàtọ̀, ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó kúrò nílé kẹ́ ẹ má baà tún padà sọ́jà nítorí ẹyọ kan.