Ráútà onígéèmù àbí ráútà tó mọ ìlà tò: èwo ló yẹ kí ẹ rà bí géèmù yín bá ń já?

Ẹ wà láàárín ìjà, ó ku ọ̀tá kan ṣoṣo, ẹ yìnbọn, ìbọn ò dún. Àwòrán dúró gbagidi. Kó tó tún gbéra, wọ́n ti pa yín. Ẹ wo fóònù, WhatsApp ń wọlé. Fídíò tí ẹlòmíì ń wò ní pálọ̀ ò dúró rárá. Géèmù nìkan ló ń já.

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi jẹ ìyà yìí, ráútà méjì ni mo sì rà láàárín ẹ̀. Àkọ́kọ́ jẹ́ ráútà onígéèmù tó wọ́n gan-an. Ìkejì kéré, kò sì tó ìdajì owó àkọ́kọ́. Àwọn méjèèjì ni mo fẹ́ fi wéra fún ẹni tó ti ń ṣírò owó lọ́wọ́. Màá mẹ́nu ba mesh (ẹ̀rọ Wi-Fi mélòó kan tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀), powerline (íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gba wáyà iná) àti wáyà, torí àwọn náà ni ẹ máa bá pàdé lọ́jà.

Mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí iye Gbps, ìyẹn bí dátà ṣe ń yára tó, tó wà lára páálí. Géèmù kì í lo dátà púpọ̀ tí ẹ bá ti ń gbá a lọ. Kí ẹ tó gbá a, nígbà tí ẹ bá ń gbà á wọlé, ni dátà ń lọ. Ohun tó ń fẹ́ ni kí àwọn ìdì dátà kéékèèké máa dé lásìkò, kí ọ̀kan má pẹ́ ju ìkejì lọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tó ti ń já

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà nǹkan kan kí ẹ tó ṣe èyí. Ẹ ṣí ojú ìwé dúdú tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí lórí kọ̀ǹpútà, kí ó jẹ́ méjì. Nínú ọ̀kan, ẹ ping ráútà yín fúnra ẹ̀: ẹ kọ ping, kí ẹ fi nọ́ńbà ẹ̀ tẹ̀ lé e, 192.168.1.1 tàbí 192.168.0.1 ló sábà máa ń jẹ́. Ó máa sọ iye ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá tí ìdáhùn fi dé. Nínú ìkejì, ẹ ping 1.1.1.1 tàbí 8.8.8.8; ti ìta nìyẹn, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tó bá jẹ́ Windows lẹ ń lò, ẹ fi -t sí i kó má baà dúró lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì máa lọ, kí ẹ wá gbá géèmù yín. Tó bá ti já, ẹ yíjú síbẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Tí nọ́ńbà ráútà fúnra ẹ̀ bá fò láti 2 sí 200, Wi-Fi ni ẹ̀ṣẹ̀ wà lọ́rùn ẹ̀. Tí ti ráútà bá dúró sójú kan, àmọ́ tí ti ìta ń fò nígbà tí àwọn ará ilé bá ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, ìlà ló ti gùn jù nínú ilé yín. Òun ni mo fẹ́ sọ jù. Tí ti ìta bá ń fò nígbà tí gbogbo fóònù wà ní pípa, tí ẹ sì fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ ráútà, ọ̀rọ̀ di ti ilé-iṣẹ́ tó ń fún yín ní íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sí ráútà tí ẹ lè rà tó máa yanjú ìyẹn. Ẹ tọ́jú àwọn nọ́ńbà yẹn, kí ẹ fi pè wọ́n.

Èmi ò ṣe ìdánwò yìí kí n tó rà ti àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ ìlà: ohun tó gbé owó mi lọ

Ráútà àkọ́kọ́ ní ẹ́ríálì mẹ́fà tó nà sókè bí ìwo. Bọ́tìnì kan wà nínú áàpù ẹ̀ tí wọ́n kọ "game mode" sí, mo tẹ̀ ẹ́, mo sì gbà pé ó tán. Wi-Fi dára sí i lóòótọ́, ó dé yàrá tí kì í dé tẹ́lẹ̀. Àmọ́ láàárín aago mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá alẹ́, géèmù ṣì ń já bó ṣe ń já. Mo pààrọ̀ wáyà. Mo pààrọ̀ channel, ìyẹn ojú ọ̀nà tí Wi-Fi ń gbà nínú afẹ́fẹ́. Mo pe ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní láìnì mi ò níṣòro. Ìgbà tí ojú mi fi là, ọjọ́ tí wọ́n fún mi láti dá ráútà padà ti kọjá.

Alẹ́ ọjọ́ kan ni mo wá jókòó ti àwọn nọ́ńbà yẹn. Ráútà: 1, 1, 1, 1. Ìta: 28, 31, 29, 30. Lójijì ó di 140. Ó di 390. Ó di 610, ó sì dúró síbẹ̀. Ráútà ṣì ń sọ 1. Mo dìde, mo lọ bá àbúrò mi nínú yàrá.

"Kí lò ń ṣe?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n mi. Mo kàn fi fóònù síná ni."

Fóònù yẹn ń kó gbogbo fọ́tò àti fídíò ọjọ́ náà ránṣẹ́ sí ibi ìpamọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bó ṣe máa ń ṣe lálaalẹ́ nìyẹn tí wọ́n bá ti fi síná. Mo ní kó pa Wi-Fi fóònù náà. Kí n tó padà dé ìdí kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà ti padà sí 30.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ibi tí dátà ń gbà jáde nílé sábà máa ń tóóró ju ibi tó ń gbà wọlé lọ. Mọ́dẹ́ẹ̀mù, ẹ̀rọ tó so ilé mọ́ láìnì íntánẹ́ẹ̀tì, kì í fẹ́ sọ ohunkóhun nù, nítorí náà ó máa ń to gbogbo ohun tó bá dé sórí ìlà kan ṣoṣo. Fídíò àbúrò mi ti to ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdì dátà síwájú kí ìdì kékeré tó gbé ìbọn mi tó dé, ó sì gbọ́dọ̀ dúró sẹ́yìn gbogbo wọn. Ẹni tó ń wo fídíò ò ní mọ̀ ọ́n lára, torí fídíò máa ń gba ti iwájú pamọ́ kó tó fi hàn. Ẹni tó ń gbá géèmù ló máa mọ̀ ọ́n.

Bufferbloat ni wọ́n ń pe àìsàn yìí. Jim Gettys ló pariwo ẹ̀ síta ní nǹkan bíi 2010 sí 2011, òun náà sì rí i nínú ilé ara ẹ̀ nígbà tó ń fi nǹkan ńlá ránṣẹ́. Ní 2012, Kathleen Nichols àti Van Jacobson gbé CoDel jáde, ọ̀nà kan láti máa bójú tó ìlà. Kì í wo bí ìlà ṣe gùn tó. Bí dátà ṣe pẹ́ tó lórí ìlà ló ń wò. Láti inú ẹ̀ ni fq_codel ti wá, tí wọ́n kọ sínú RFC 8290, ọ̀kan nínú àwọn ìwé ètò íntánẹ́ẹ̀tì, ní 2018. Ọdún yẹn náà ni CAKE, irú ẹ̀ mìíràn, wọ inú Linux, sọ́fútíwíà tó ń darí ọ̀pọ̀ ráútà. Iṣẹ́ tí àwọn méjèèjì ń ṣe ò le láti lóye: oníkálukú ní ìlà tiẹ̀, ẹni tí ẹrù ẹ̀ fúyẹ́ á kọjá lọ, ẹni tí ẹrù ẹ̀ wúwo á gbọ́ pé kó rọra. Orúkọ méjèèjì ni kí ẹ máa wá lára ráútà tí ẹ bá fẹ́ rà. Ẹ tún lè rí i pẹ̀lú orúkọ SQM, ìyẹn ọgbọ́n títo ìlà.

Kí ló dé tí "game mode" ò ṣe é? Ti èmi kàn ń fún kọ̀ǹpútà mi ní ipò iwájú nínú ráútà ni. Kò mọ bí láìnì mi ṣe tóóró tó. Ó ń yára kó gbogbo ẹrù jáde, ìlà sì ń gùn nínú mọ́dẹ́ẹ̀mù, níbi tí ọwọ́ ẹ̀ ò dé. Ráútà tó ní SQM máa ń bi yín ní iye tí láìnì yín ń gbé, ẹ̀yin á sì fún un ní iye tó dín díẹ̀, bíi ìdá 85 sí 95 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ìlà lè wà lọ́dọ̀ tiẹ̀. Láìnì mi ń gbé 10 Mbps jáde. 9 ni mo kọ sínú ráútà kékeré tí mo rà ṣìkejì, tó ní SQM. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ní kí àbúrò mi fi fóònù síná. Fọ́tò ń lọ, ping mi ò kọjá 34.

Àwọn ohun yòókù

Bí Wi-Fi ṣe ń jìnnà sí: ráútà onígéèmù ló borí, kò sí àríyànjiyàn.

Ìtòlẹ́sẹẹsẹ: ti onígéèmù ò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ nínú áàpù. Ráútà kékeré mi ń lo OpenWrt, sọ́fútíwíà ọ̀fẹ́ fún ráútà, odidi ìrọ̀lẹ́ kan ni mo fi kà nípa ẹ̀ kó tó bọ́ sípò.

Agbára: SQM máa ń jẹ agbára ráútà. Tí láìnì yín bá ń gbé 500 Mbps tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ráútà kékeré tí agbára ẹ̀ ò tó lè fà á sẹ́yìn. Níbẹ̀, ẹ ra èyí tó lágbára. Tó bá sì jẹ́ láìnì tí kì í lo wáyà, bíi 4G, lẹ ń lò, iye tó ń gbé máa ń yí padà ní wákàtí sí wákàtí, ẹ ó ní láti fi iye tó rẹlẹ̀ sí i.

Bó ṣe ń já pátápátá fún bí ìṣẹ́jú kan: ẹ wo channel. Lórí 5 GHz, ọ̀kan nínú ìgbì tí Wi-Fi ń lò, ó níbi tí àwọn channel láti 52 sí 144 ti jẹ́ àjọlò pẹ̀lú rédà. Tí ráútà bá gbọ́ rédà, ó gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ tẹ́tí fún 60 ìṣẹ́jú àáyá, ó kéré tán, kó tó lo òmíràn nínú wọn. Ẹ fi sí 36 sí 48, kí ẹ wò ó. Ráútà méjèèjì ló jẹ́ kí n yí i.

Mesh: ó dáa fún ilé ńlá, àmọ́ tí àwọn ẹ̀rọ náà bá ń fi Wi-Fi bá ara wọn sọ̀rọ̀, ìdádúró á pọ̀ sí i ní gbogbo ibi tó bá ti fò. Ẹ fi wáyà so wọ́n pọ̀, tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀.

Powerline: wáyà iná ilé ló ń gbà, ariwo ṣájà àti fíríìjì sì ń wọ inú ẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti lè gbà á padà nìkan ni kí ẹ ti rà á.

Wáyà: Cat5e gidi ń gbé 1 Gbps dé 100 mítà. Bàbà ni kó jẹ́. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n kọ CCA sí lára; alumíníọ́ọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lásán ni.

Èwo ni kí ẹ rà?

Tí ìdánwò yín bá fi hàn pé Wi-Fi ni ìṣòro, tí ẹ ò sì lè fa wáyà, ráútà onígéèmù lè wúlò fún yín, kò sí irọ́ níbẹ̀. Tí ẹ bá lè fa wáyà, ẹ fà á kí ẹ tó ra nǹkan kan. Tí ìta bá ń fò nígbà tí àwọn ará ilé ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, tó sì jẹ́ pé púpọ̀ nínú ẹni tó bá mi sọ ọ̀rọ̀ yìí ló wà níbẹ̀, ẹ wá ráútà tó ní fq_codel tàbí CAKE, tó sì máa jẹ́ kí ẹ kọ iye láìnì yín sínú ẹ̀ fúnra yín. Ti àwọn onígéèmù kan náà ní in. Ẹ bi ẹni tó ń tà á ní orúkọ náà gan-an, ẹ má gba "QoS" lásán, ìyẹn fífún àwọn kan ní ipò iwájú, gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn.

Kí ẹ sì béèrè ọjọ́ mélòó tí ẹ ní láti dá a padà. Lálẹ́ ọjọ́ tó bá délé, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi fídíò ńlá kan ránṣẹ́ láti orí fóònù, kí ẹ máa ping ìta. Tó bá ju 30 lé sórí iye tí ẹ ń rí tẹ́lẹ̀, ẹ dín iye tí ẹ kọ sí i kù díẹ̀, kí ẹ tún un dán wò. Tí kò bá sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ dá a padà sínú páálí ẹ̀.