Kírẹ́ẹ̀ṣì tó ń dúró de ìyá ọmọ títí aago mẹ́jọ alẹ́

Ibi tí mo dúró sí rèé o: kírẹ́ẹ̀ṣì ìyá kan ní apá Òkè-Ìlá, níbí ní Adó-Èkìtì, ni ọmọbìnrin mi wà báyìí, n kò sì ní gbé e kúrò níbẹ̀ àfi tí ìyá náà bá fẹnu ara rẹ̀ lé wa. Ilé náà kò rẹwà. Kò sí labalábá tàbí ehoro lára ògiri, kò sí pátákó lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ló ń júwe rẹ̀ fún ara wọn, bí obìnrin ṣe ń júwe aránṣọ tí kì í yẹ àdéhùn. Ìyá náà ló ní kí n má kọ orúkọ òun. Ó ní èrò tó wà lọ́rùn òun ti tó.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn aládàáni kan. Tí mo bá ṣe iṣẹ́ àárọ̀, aago méjì ni mò ń jáde. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ọ̀sán, aago méje alẹ́ ni, ìyẹn bí ẹni tó máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi bá tètè dé. Akúrẹ́ ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, gbogbo yín sì mọ ọ̀nà Adó sí Akúrẹ́. Ẹni tó bá ń gba ibẹ̀ kò lè bá olùtọ́jú ọmọ dá àkókò. Ẹ wá wo àwọn kírẹ́ẹ̀ṣì ìlú yìí: aago méje ààbọ̀ àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí, aago mẹ́rin tàbí márùn-ún ni wọ́n ń tì. Olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ní lọ́kàn. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ yìí sílẹ̀ ní 1996, aago sẹkitéríàtì ni gbogbo Adó ń bá rìn. Ẹni tó ń ta ọjà, ẹni tó ń ṣerun lóge, nọ́ọ̀sì, kó lọ wá ibi tó máa gbé ọmọ tirẹ̀ sí.

Èyí tó tún dá kún un ni pé ọmọ ti kéré jù nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí wá ibi tí màá gbé e sí. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún obìnrin ní ìsinmi ìbímọ ọ̀sẹ̀ 12, mẹ́fà ṣáájú ìbímọ, mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ní kí owó tí wọ́n máa san má dín ní ìlàjì owó iṣẹ́ rẹ̀ tó bá ti ṣiṣẹ́ tó oṣù mẹ́fà. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní ọ̀sẹ̀ 16 tiwọn pẹ̀lú owó oṣù tó pé. Ọ̀gá tèmi mú òfin le: ìlàjì gérégé ló san. Òfin yẹn kan náà ló sọ pé kí wọ́n máa fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Apá yẹn ni n kò tíì rí ọ̀gá tó rántí.

Ìyá mi wá tọ́ ọmọ fún wa, ó ṣe é dáadáa, ṣùgbọ́n ìsọ̀ rẹ̀ wà ní Ìjerò, àwọn oníbàárà rẹ̀ ò ní dúró dè é. Wọ́n ní ká wá ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹni tó ń bá wa wá a mú ọmọ kan wá, ó ní ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Bí mo ṣe wo eyín ẹnu ọmọ náà, mo mọ̀ pé kò tíì ju mọ́kànlá lọ. Kírẹ́ẹ̀ṣì ló yẹ kí n bá òun náà wá. Mo fún un lóúnjẹ, mo ní kí wọ́n máa mú un padà sílé.

Ibi tí mo kọ́kọ́ lọ wò rẹwà gan-an. Wọ́n ní ẹ̀rọ amúlétutù, kámẹ́rà wà lórí ògiri, wọ́n ní ẹni tó ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ẹni kó tó wọlé. Fọ́ọ̀mù ₦5,000, owó táàmù kan ₦85,000. Mo ní bóyá a lè fún ara wa mọ́ ibì kan. Ìgbà náà ni obìnrin tó jókòó sídìí tábìlì sọ pé aago mẹ́rin ni àwọn ń tì, àti pé wákàtí kọ̀ọ̀kan tí ìyá bá fi pẹ́ jẹ́ ₦1,000. Mo dákẹ́, mo ń ṣírò rẹ̀ nínú. Wákàtí mẹ́ta lójúmọ́ tí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀sán. Ìyẹn jẹ́ ₦15,000 lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì iṣẹ́ ọ̀sán nínú oṣù, ₦30,000. Owó ìpẹ́lẹ́yìn nìkan á ti ju ohun tí mò ń san gan-an fún ìtọ́jú ọmọ lóṣù lọ! Bẹ́ẹ̀ owó oṣù mi kò fi púpọ̀ ju ₦70,000 tí wọ́n sọ di owó oṣù tó kéré jù lọ́dún 2024. Mo kí i, mo bá tèmi lọ.

Ìkejì, n kò fẹ́ rántí rẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí tiyín ni mo fi ń kọ èyí. Ó so mọ́ jẹ́léósinmi kan, owó rẹ̀ rọjú, wọ́n sì ń dúró títí aago mẹ́fà. Ọkọ mi bá ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó lè máa tètè wá gbé ọmọ ní ọ̀sẹ̀ tí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀sán, ọ̀gá náà gbà. Ohun tí mo kọ́kọ́ kíyè sí ni oorun. Tí mo bá lọ gbé ọmọ, oorun ló ń sùn. Kì í ṣe oorun ọmọ tó ṣeré tó rẹ̀ ẹ́. Ọrùn rẹ̀ á rọ̀ sí mi léjìká, màá ki ọmú sí i lẹ́nu, kò ní mu. Tó bá wá di òru, ojú rẹ̀ á là kedere. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n jẹ́ kí n tètè kúrò níbi iṣẹ́, mo wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ìgò Piriton olómi, oògùn ara yíyún tó máa ń múni sùn, wà lójú fèrèsé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ páúdà, ìdérí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ṣíbí kan tí oògùn ti gbẹ sí. Mo bi ọmọbìnrin tó ń tọ́jú wọn léèrè. Kò tilẹ̀ purọ́. Ó ní, "Àǹtí, ó máa ń jẹ́ kí wọ́n sinmi ni." Ọ̀gá rẹ̀ jáde, ó ní ọ̀fìnkìn ló ń da àwọn ọmọ láàmú. Gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà?

Ẹ jọ̀ọ́, oògùn yẹn kì í ṣe ohun tí à ń fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan láìjẹ́ pé dókítà ló ní kí wọ́n lò ó. Ó lè mú kí èémí ọmọ má lọ déédéé. Tí ọmọ yín bá ń ti kírẹ́ẹ̀ṣì dé pẹ̀lú irú oorun bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ lọ síbẹ̀ lákòókò tí wọn ò retí yín. Mo kó báàgì ọmọ mi lọ́jọ́ náà. Wọn kò dá kọ́bọ̀ padà nínú owó táàmù.

Ẹni tó ń nu ilẹ̀ ní wọ́ọ̀dù wa ló júwe Òkè-Ìlá fún mi. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá náà. Yàrá méjì ló yà sọ́tọ̀ nínú ilé rẹ̀, ọ̀kan fún oorun, ọ̀kan fún eré. Òórùn Izal àti ẹ̀kọ gbígbóná ló kọ́kọ́ pàdé mi. Mo ti to ìbéèrè sọ́kàn, àfi bí òun ṣe bẹ̀rẹ̀ sí bi mí. Ẹ̀gbẹ́ wo ni ọmọ fẹ́ràn láti fi sùn? (Mo ní ẹ̀yìn ni kí wọ́n máa tẹ́ ẹ lé, ó ní òun mọ̀.) Ta ni ó lè wá gbé e yàtọ̀ sí ìwọ àti bàbá rẹ̀? Ṣé o ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀? Ó ní kí n mú káàdì wá, ó sì wò ó lóòótọ́.

Ó ní ìwé kékeré kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ohun tó wà nínú ti ọmọ mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ rèé, pẹ̀lú ìkọ̀wé olùkọ́ tó dúró ṣánṣán: "10:15, wàrà inú ìgò, ó ṣẹ́ku díẹ̀. 11:00, ó yàgbẹ́, ó rọ̀, àwọ̀ rẹ̀ dára. Ó sunkún, mo pọ̀n ọ́n, ó dákẹ́." N kò rí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní wọ́ọ̀dù wa rí, kí ọ̀gá mi má bínú.

Wàrà tí mo bá fún sílẹ̀ kì í ju wákàtí mẹ́rin lọ nínú yàrá kó tó di ohun tí à ń dà nù, iná BEDC sì ní ìgbà tó máa ń wá. Nítorí náà, inú kúlà tí mo kó yìnyín sí ni mò ń gbé e lọ. Ìyá fi òwú pupa so ìgò ọmọ mi, òwú dúdú wà lára ti ẹlòmíràn, kí wọ́n má ṣèèṣì gbé wàrà ọlọ́mọ kan fún ọmọ ẹlòmíràn. Ibi tí a ti bá ara wa jiyàn ni omi. Ooru mú lóṣù Fẹ́búárì, ó fẹ́ fún ọmọ lómi. Mo ní a kì í fún un títí á fi pé oṣù mẹ́fà, ọmú tó o. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Omi la fi tọ́ ìwọ náà." Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ fún un pé ohun tí mò ń kọ́ àwọn ìyá ní gbogbo ọjọ́ àjẹsára nìyẹn, ó gbà, ó kọ ọ́ sí iwájú ìwé náà: KÒ SÍ OMI.

Owó rẹ̀: ₦15,000 lóṣù. Ọ̀sẹ̀ tí mo bá ṣe iṣẹ́ ọ̀sán, mò ń fi ₦3,000 kún un, ì báà jẹ́ aago méje ni mo dé tàbí mẹ́jọ. Ó di ₦21,000 ní oṣù tó ní ọ̀sẹ̀ méjì bẹ́ẹ̀. Ó ṣì wúwo, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Ṣùgbọ́n mo mọ iye tó jẹ́ kí oṣù tó bẹ̀rẹ̀. Àǹkárá àlòkù tó rọ̀ ló sì ń dì mọ́ wọn nídìí lọ́sàn-án, pámpásì kan péré ni mò ń kó dání fún ìrìn àjò sílé.

Ohun tí kò dára níbẹ̀ kò ṣe é fi pamọ́. Tẹlifíṣọ̀n kì í kú. Àwọn ọmọ tó ti ń rìn ń jẹ bísíkíìtì jù. Ní àwọn Mọ́ńdè kan, ọmọ a máa pọ̀ ju ọwọ́ tó ń tọ́jú wọn lọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn yàrá oorun ni jẹnẹrétọ̀ kékeré rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Mo ní èéfín yẹn ń pa odidi ilé láìsí ẹni tó máa gbóòórùn ewu. Ó kọ́kọ́ bú mi. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo bá jẹnẹrétọ̀ lẹ́bàá ọgbà, jìnnà sílé. Ẹnu rẹ̀ mú o. Tí ọmọ bá ní ooru lára, kò ní gbà á láàárọ̀, ẹ lè sunkún tán níbẹ̀. Mo fara mọ́ ìyẹn, nítorí ọmọ ẹlòmíràn tó ń ṣàìsàn kò ní ran tèmi.

Òjò kan rọ̀ lálẹ́, kò sí kẹ̀kẹ́ ní Ajílosùn, aago mẹ́jọ sì ti kọjá kí n tó dé. Mo ti mú owó dání. Ìyá pọn ọmọ mi, ó ń fọ abọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀bẹ̀, ó ní, "Uṣẹ́ lo lọ ṣe, o ò lọ jó." Kò gba owó náà.

Àmọ́ ó gba ₦7,000 lọ́wọ́ mi lóṣù Keje fún aṣọ àti fìlà gírádúéṣọ̀n. Ọmọ tí kò tíì dìde dúró! Wọ́n dì í mú kí wọ́n tó lè ya fọ́tò rẹ̀. Ìyá mi ní Ìjerò ti fi fọ́tò náà han gbogbo ọjà.

₦18,000 ni yóò jẹ́ lóṣù láti Sẹ̀tẹ́ńbà. Kì í gba ọmọ lóru, kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú. Ẹni tó bá nílò rẹ̀ lóòótọ́ kó bi àwọn nọ́ọ̀sì tó ń dúró de kẹ̀kẹ́ ní Ajílosùn nírọ̀lẹ́, kó sì lọ bá a lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ má lọ ní Mọ́ńdè. Kò ní dá yín lóhùn.