Iléeṣẹ́ omi abúlé wa àti ètò ọlọ́dún 20 tí kánsù ṣẹ̀ṣẹ̀ buwọ́ lù: ìràwọ̀ 4 nínú 5

Ìràwọ̀ 4 ni mo fún wọn, bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ bá bi mí nígbà kan, 1 gan-an màá ní ó ti pọ̀ jù. Ìparí páìpù ni ilé wa wà, lórí òkè, tí àwọn ará ìsàlẹ̀ bá ti ṣí ẹ̀rọ láàárọ̀ tiwa á kọ́kọ́ húkọ́, á tu atẹ́gùn fúùù, omi pupa bí àgbàrá á yọ díẹ̀, ó parí nìyẹn. Aago 4 ìdájí ni mo máa ń jí kí n tó rí garawa 2 pọn. Mo pè wọ́n títí, "a ti gbọ́, a ń bọ̀" náà ni.

Ohun tó yí mi lọ́kàn padà ni ìwé ètò tí wọ́n gbé lọ sí ìjọba ìbílẹ̀. Mo kà á tán pátá. Mo rò pé ìlérí ni mo máa bá, páìpù ni mo bá o, wọ́n to gbogbo ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọdún tí wọ́n rì í, bó ṣe fẹ̀ tó, èyí tó ti gbó, wọ́n kọ iye omi tí pọ́ǹpù ń fà àti iye tí mítà àwa oníbàárà kà, wọ́n wá fẹnu ara wọn sọ pé èyí tó ń sọnù sáàárín ti pọ̀ jù. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tó ń ṣe wá. Páìpù ínṣì 2 ni wọ́n rì sọ́nà òkè nígbà tí ilé ò tíì pọ̀. Ínṣì 4 ni wọ́n fẹ́ fi rọ́pò ẹ̀, ẹ má sì rò pé ìlọ́po 2 nìyẹn, omi tó máa gbé á ju ìlọ́po 4 lọ.

Kánsù náà gbìyànjú, mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n jókòó lé e lórí. Wọ́n gbé máàpù ibi tí wọ́n ti fọwọ́ sí pé kí wọ́n kọ́lé sí jáde, wọ́n fi wé ibi tí páìpù máa gbà, káńsẹ́lọ̀ kan sì béèrè pé nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ ńkọ́, ṣé kànga tí pọ́ǹpù ti ń fa omi á gbé gbogbo ilé tuntun yìí? Bí wọ́n ṣe ń buwọ́ lù ú, wọ́n kọ ọ́ sínú ẹ̀ pé kí wọ́n dí ibi tó ń jò kí wọ́n tó fa omi sílé tuntun. Inú mi dùn gan-an sí ìyẹn.

Wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀. Lóru ọjọ́ kan wọ́n dé ojúu títì wa, ọ̀gá kan gbé irin gígùn lé orí fáàfù, ó fi etí ti irin náà, ó ní ká dákẹ́. Èmi náà fetí sí i, mo gbọ́ ṣííí bí ìgbà tí epo ń yá lórí iná. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ibẹ̀ láàárọ̀, ibi tó sán ò fẹ̀ ju èékánná lọ, omi ń tú yàà wọnú òkúta wẹ́wẹ́ lábẹ́ ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ òkè ilẹ̀ gbẹ táútáú, ta ni ì bá mọ̀?

Ìràwọ̀ tí mo yọ, ti klórín ni, oògùn tí wọ́n ń fi pa kòkòrò àìsàn inú omi. Ẹ̀rọ tó wà nídìí tánkì ni wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, bẹ́ẹ̀ klórín máa ń dín kù bí omi bá ṣe ń pẹ́ nínú páìpù, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní ó kéré tán mílígíráàmù 0.2 nínú lítà 1 ló yẹ kó ṣẹ́ kù níbi tí omi ti ń dé ọwọ́ oníbàárà. Ọ̀dọ̀ wa ní ìparí páìpù ló yẹ kí wọ́n ti máa yẹ̀ ẹ́ wò, ètò yẹn ò sọ ọ́, kánsù ò sì bi wọ́n. Mo ti kọ lẹ́tà sáwọn méjèèjì.

Tẹ́ ẹ bá ń lo omi wọn, ẹ ní kí wọ́n fi ojú ewé páìpù hàn yín, kẹ́ ẹ wo ọdún tí ètò náà fi iṣẹ́ àdúgbò yín sí. Ọdún kẹta ètò náà ni tiwa.