Casio F-91W àbí Seiko 5: èwo ló dáa lọ́wọ́ tíṣà?

Ẹ má rẹ́rìn-ín mi o, ọ̀rọ̀ aago ọwọ́ ni mo gbé wá. Àbúrò mi ní fóònù ti pa aago tipẹ́, pé kí ni mo tún ń di nǹkan mọ́wọ́ kiri fún bíi bàbá ayé àtijọ́. Mo ní kó wá bá mi ṣọ́ ọmọ ìdánwò WAEC lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọmọ ò gbọdọ̀ mú fóònù wọbẹ̀, èmi tí mo wá ń ṣọ́ wọn, tí mo bá ń fa tèmi yọ lápò ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, kí ni mo fẹ́ bá wọn sọ? Aago ọwọ́ ni o. (Ti JAMB tiẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọ ò gbọdọ̀ di aago kankan wọlé rárá.)

Méjì ni mo ní, mo sì máa ń pààrọ̀ wọn. Ọ̀kan jẹ́ onínọ́ńbà, ìyẹn díjítà, Casio F-91W dúdú tí gbogbo ayé mọ̀ yẹn. Ìkejì jẹ́ ọlọ́wọ́, ìyẹn èyí tí ọwọ́ ń yí lójú ẹ̀, Seiko 5 tí wọ́n ń pè ní SNK809, tòkunbọ̀ ni mo rà á. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí mo ti ń lo àwọn méjèèjì, torí náà ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ohun tí mo kà lára páálí.

Casio ni ká kọ́kọ́ mú. 1989 ló jáde, ẹni tó ya bó ṣe máa rí ń jẹ́ Ryusuke Moriai, òun sì ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó ṣe fún Casio. Títí di báyìí wọ́n ṣì ń ṣe é. 21 gíráàmù péré ni, ó fúyẹ́ débi pé mo ti wá a káàkiri yàrá rí, mo gbé bẹ́ẹ̀dì, mo tú báàgì, lọ́wọ́ mi ló wà. Bátìrì ẹ̀, CR2016, ọdún 7 ni Casio ní ó máa lò kó tó kú. Bọ́tìnnì mẹ́ta ló ní, èyí tó wà lókè lápá òsì ni ti iná, tìsàlẹ̀ ẹ̀ lo fi ń yí láti aago sí àlámù sí stopwatch, tapá ọ̀tún ló ń ṣe gbogbo ìyókù. Ìwé tí wọ́n fi sí páálí kéré bí ìwé oògùn, ṣùgbọ́n o ò nílò ẹ̀, ọmọ ọdún méje máa tò ó fún ẹ.

Iná ẹ̀ ṣá, ẹ gbà mí. Gílóòbù tíńtín kan aláwọ̀ ewé ló wà lápá òsì, tí wọ́n bá múná lọ lóru tí mo fẹ́ mọ aago tó lù, wákàtí á hàn, ìṣẹ́jú á ṣe bíi pé ó ń bọ̀, sẹ́kọ́ńdì wà nínú òkùnkùn biribiri. Kò sì mọ ọdún. Ọjọ́ 28 ló mọ̀ fún Fẹ́búárì, lọ́dún 2024 tí Fẹ́búárì jẹ́ 29, àfi kéèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ tún déètì tò. Ìyẹn ò dun èèyàn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún mẹ́rin ni.

Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni ariwo tó ń pa ní wákàtí wákàtí. Àwa mẹ́ta la ní in ní yàrá àwọn tíṣà. Tó bá ti di aago mẹ́wàá géérégé, ti tíṣà Físíìsì á ké píì-pì, ó tún tó sẹ́kọ́ńdì mẹ́jọ kí tèmi tó dá a lóhùn, tí gbogbo wa bá ti gbàgbé pátápátá ni ti Àǹtí Home Economics máa tó ké. Kò sì sí èyí tó bàjẹ́ nínú wọn o, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, 30 sẹ́kọ́ńdì lóṣù kan ni Casio fàyè gbà pé ó lè fi yára tàbí kó fi lọ́ra. Lọ́jọ́ tí mo gbàgbé láti pa tèmi kí n tó wọ họ́ọ̀lù ìdánwò, píì-pì láàárín ọmọ ọgọ́fà tó dákẹ́ rọ́rọ́! Ọmọkùnrin kan gbójú sókè, ó ní "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà." Mi ò tíì gbàgbé ojú tó fi wò mí.

Ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ inter-house, kò sí aago ọlọ́wọ́ tó lè bá a dú u. Stopwatch ẹ̀ ń ka sẹ́kọ́ńdì kan sọ́nà ọgọ́rùn-ún, kì í kà kọjá wákàtí kan, ṣùgbọ́n eré ọgọ́rùn-ún mítà ò pẹ́ tóyẹn. Kéèyàn máa fi ọwọ́ aago tó ń yí díẹ̀díẹ̀ pinnu ẹni tó ṣe kejì àtẹni tó ṣe kẹta láàárín Yellow House àti Green House? Àwọn òbí á bá ẹ jà.

Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù kan tó búra pé orígínà ni, ọ̀sẹ̀ kẹfà ni nọ́ńbà ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́, 8 á dà bí 6, mo pẹ́ dé ibi ìgbéyàwó kan nítorí ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń dán an wò nìyí: tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún, má fi sílẹ̀, ka ẹ̀ẹ̀ta, ojú ẹ̀ á kọ CASIo. Tèmi ọjọ́ yẹn kàn ń fò láti 12 sí 24 ni, èmi náà sì ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń tẹ bẹ́ẹ̀lì ẹnu ọ̀nà. Ẹ má wá gbójú lé e tán o, àwọn tó ń ṣe ayédèrú ti kọ́ ìyẹn náà. Wo bí lẹ́tà ojú ẹ̀ ṣe mọ́ tó, kó o sì wo ẹ̀yìn ẹ̀.

Ó yá, Seiko. Orúkọ Seiko 5 ti wà láti 1963. SNK809 tèmi yìí dúdú lójú, 37 mìlímítà ni fífẹ̀ ẹ̀, ó bá ọwọ́ obìnrin mu dáadáa, kì í ṣe bí àwọn aago ńláńlá ayé òde òní tó dà bí ìdérí ìkòkò. Kò ní bátìrì. Bó o ṣe ń ju ọwọ́ ni irin kan nínú ẹ̀ ń yí, òun ló ń lọ́ sípíríǹgì ẹ̀. Gíláàsì ni wọ́n fi ṣe ẹ̀yìn ẹ̀, wàá rí irin yẹn tó ń fì lọ fì bọ̀, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e délé, oúnjẹ jóná lórí iná torí mo jókòó tì í. Gbé e sétí, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló ń kàn ní sẹ́kọ́ńdì kan, torí ẹ̀ ni ọwọ́ sẹ́kọ́ńdì ẹ̀ fi ń yọ́ lọ bí ẹni pé ó wà lórí omi, kì í fò tọ́tọ́ bíi ti oníbátìrì.

Wàhálà ẹ̀ náà wà. Bíi wákàtí 40 ló lè sáré lẹ́yìn tó o bá bọ́ ọ sílẹ̀. Tí mo bá bọ́ ọ ní Fúráídè tí mo dé láti skúùlù, kí wọ́n tó jáde ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè ó ti kú, Mọ́ńdè aago mẹ́fà àárọ̀ mo wà níwájú dígí tí mò ń mì í bí ìgò oògùn, torí ẹ̀rọ inú ẹ̀, 7S26, kò ṣe é fọwọ́ lọ́. Ó sì lè fi ohun tó tó 30 sẹ́kọ́ńdì yàtọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ìyẹn iye tí Casio fi ń yàtọ̀ lóṣù kan, kí wọ́n sì sọ fún ẹ pé kò sóhun tó ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ àkókò tó péye, ẹ jẹ́ kó ra onínọ́ńbà, ọ̀rọ̀ ti tán.

Kí ló wá dé tó jẹ́ pé Seiko ló máa ń wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ ìdánwò? Mo ronú ẹ̀ títí kó tó yé mi. Ẹ wo bá a ṣe ń pe aago. Tó bá jẹ́ 9:37, ta ló máa sọ pé aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógójì? Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún la máa wí. Tí ọwọ́ gígùn bá ti lè rékọjá ìdajì báyìí, ohun tó kù la ń kà, kì í ṣe ohun tó ti lọ. Onínọ́ńbà á kọ 37 fún ẹ, ó kù sọ́wọ́ ẹ kó o yọ ọ́ kúrò nínú 60 lórí ìdúró. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọlọ́wọ́, ohun tó kù wà níbẹ̀ gbalasa, àlàfo tó wà láàárín ọwọ́ aago àti òkè ni, ó dà bí ìgbà tó o wo inú ife tó o sì mọ iye omi tó kù, o ò ní ka ẹ̀kán omi. Ọmọ tó bá nawọ́ tó ní "Mà, ó ku mélòó?", mo ti dá a lóhùn kí n tó mọ̀ pé mo wo aago. Tó bá jẹ́ Casio ló wà lọ́wọ́ mi, màá kọ́kọ́ dúró ná, màá máa mi ètè.

Àwọn ọmọ náà ṣá ò mọ̀ ọ́n kà mọ́. Mo na ọwọ́ sí ọmọ JSS 2 kan pé kó bá mi wo aago tó lù, ó tẹjú mọ́ ọn, ó yí orí, ó ní "Mà, kò sí aago 45 o." Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀ pátápátá, ìṣẹ́jú ni wọ́n kọ gàdàgbà sí eteetí SNK809, láti 5 títí dé 55, wákàtí wá wà nínú bìrìkìtì kékeré láàárín. Ẹni tí ò bá tíì mọ aago kà, ẹ má fi èyí kọ́ ọ.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, gbogbo ọlọ́wọ́ kọ́ ló ń yí bíi Seiko mi. Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà jẹ́ oníbátìrì, inú ẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti Casio. Bàbá kan tó ń tún aago ṣe ní Dúgbẹ̀ ló fi hàn mí. Mo gbé aago aláwọ̀ góòlù kan lọ bá wọn, òógùn ti jẹ góòlù ẹ̀ tán láàárín oṣù mẹ́rin, ó ti dá iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ki gíláàsì bọ ojú, wọ́n fi ọ̀bẹ kékeré já ẹ̀yìn ẹ̀, wọ́n wá fi ẹ̀mú kan nǹkan kan tó ń dán, kò ju hóró ìrẹsì lọ. Wọ́n ní, "Ìyá mi, ẹ rí eléyìí, òkúta ló wà nínú ẹ̀. Òun ló ń gbọ̀n. Bátìrì kàn ń fún un lóúnjẹ ni." Òótọ́ ni wọ́n sọ, òkúta quartz ni, ìgbà 32,768 ló ń gbọ̀n ní sẹ́kọ́ńdì kan. Tó o bá pín iye yẹn sí méjì, tó o tún pín in, lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún, ó ku oókan, sẹ́kọ́ńdì kan nìyẹn. Seiko kan náà yìí ló kọ́kọ́ tà á fáráyé lójú aago ọwọ́, Astron, ọjọ́ 25 oṣù December 1969. Bátìrì tuntun ni wọ́n fi sí i, ó sì jí. Mo bi wọ́n pé Seiko mi ńkọ́, wọ́n gbà á, wọ́n gbé e sétí, wọ́n ò tiẹ̀ ṣí i, wọ́n ní "Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé tún un ṣe."

Mi ò ní kọ iye owó, torí kí n tó tẹ̀ ẹ́ tán dọ́là ti lè yí i. Ẹ ṣáà mọ̀ pé owó Seiko máa ra Casio bíi mélòó kan. Tuntun SNK809 sì ti ṣọ̀wọ́n báyìí, àwọn Seiko 5 Sports tí wọ́n gbé jáde láti 2019 ló pọ̀, wọ́n ṣe é fọwọ́ lọ́, ọwọ́ sẹ́kọ́ńdì wọn sì máa ń dúró tó o bá fa kókó kékeré ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ jáde láti tò ó, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn tóbi fún ọwọ́ mi, wọ́n sì wọ́n. Ẹni tó bá kan fẹ́ mọ aago tó lù, tí ò fẹ́ ìṣòro, F-91W ni kó rà. Èmi ṣá, tí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan, ọlọ́wọ́ ni màá mú, kú Mọ́ńdè kú Mọ́ńdè ẹ̀ yẹn náà, mo ti gbà bẹ́ẹ̀.

Àbúrò mi tó ní fóònù ti pa aago ló yá Casio lọ síbi bọ́ọ̀lù ní Sátidé, pé àwọn fẹ́ fi ṣọ́ ìṣẹ́jú. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Tí mo bá pè é, ó ní òun ń bọ̀.