Ohun ìpè, ìbọn àti ọta: èwo ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa dọdẹ tòlótòló ní igbó ọba Georgia kọ́kọ́ rà?

Bí oṣù kejì bá ti ń parí lọ, ìbéèrè kan náà ni àwọn ará wa ní agbègbè Atlanta máa ń bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, ìbọn wo ni kí n rà?" Èsì mi kì í dùn mọ́ wọn. Ohun ìpè ni mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ rà, kó sì ti wà lọ́wọ́ wọn láti oṣù kìíní. Bí tòlótòló bá ti wọ yáàdì 30, ìbọn tó pọ́ọ́kú jù lórí àtẹ á pa á. Èyí tó dúró sí yáàdì 80 lẹ́yìn igi, tó ń ké tí kò sì fẹ́ sún mọ́ yín, kò sí ìbọn olówó ńlá tó lè ṣe é ní nǹkan kan.

Igbó ọba tí mò ń sọ ni ilẹ̀ ìjọba tí gbogbo ènìyàn lè wọ̀: Chattahoochee-Oconee National Forest, tó ju 860,000 éékà lọ, àti àwọn ilẹ̀ ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní WMA (Wildlife Management Area, ilẹ̀ tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹranko). Ẹ kò ní san ìṣákọ́lẹ̀ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọdẹ mìíràn náà mọ ọ̀nà ibẹ̀, àwọn ẹyẹ ibẹ̀ sì ti gbọ́ ìpè lóríṣiríṣi. Yàtọ̀ sí èyí, ohunkóhun tí ẹ bá rà, ẹ̀yin náà lẹ máa gbé e gun òkè nínú òkùnkùn. Ojú yìí ni mo fi wo gbogbo ọjà tí mo kọ sí ìsàlẹ̀.

Nílé, nígbà tí a wà lọ́mọdé, a máa ń súfèé mọ́ tòlótòló kó lè dá wa lóhùn, kì í sì í pẹ́ kó tó fèsì. Ti inú igbó náà ní ìwà yẹn. Bí òwìwí bá ké ní kùtùkùtù, akọ tó ṣì wà lórí igi tó sùn sí á dáhùn láìmọ̀, ẹ ó sì mọ ibi tó wà. Ẹ fi ẹnu yín kọ́ igbe òwìwí, ọ̀fẹ́ ni. Ibẹ̀ ni ìjọra wọn parí sí. Ti igbó ń fò, ó ń sáré ju ènìyàn lọ, ojú rẹ̀ sì mú débi pé bí ẹ bá gbé ọwọ́ pa ẹ̀fọn, ó ti rí yín ná.

Ohun ìpè

Kí ẹ tó ra ọ̀kankan, ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Nígbà ìrúwé, akọ ló ń ké, abo ló ń rìn lọ bá a. Ẹ̀yin fẹ́ bẹ akọ kó yí àṣà yẹn padà, kó wá bá yín. Ohùn abo náà kò ṣòro fún etí Yorùbá: àmì òkè ló fi ń bẹ̀rẹ̀, àmì ìsàlẹ̀ ló fi ń parí. Kéò, kéò, kéò, kéò, kéò, lẹ́yìn náà ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Bí ìró náà kò bá tiẹ̀ mọ́ gaara, bí ìlù rẹ̀ bá ti tọ́, akọ á gbà.

Àpótí onígi ló rọrùn jù láti mú dún sókè. Àpótí tóóró ni, ìdérí rẹ̀ ń yí lórí ìdè kan. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì tí kò ní ọ̀rá pa ìdérí náà, ẹ rọra fà á kọjá etí àpótí, ohùn abo á jáde. Ọdún 1897 ni Henry Gibson gba ìwé ẹ̀tọ́ ìhùmọ̀ lórí irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kò sì tíì yí padà púpọ̀ láti ìgbà náà. Láàárín dọ́là 20 sí 40 lẹ ó ti rí èyí tó dára. Ohùn rẹ̀ ń lọ jìnnà, ó sì ń la afẹ́fẹ́ já. Àbùkù rẹ̀ ni pé ọwọ́ méjèèjì ló ń gbà, omi sì ni ọ̀tá rẹ̀. Ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀, òjò ká mi mọ́ orí òkè kan ní àríwá Georgia. Akọ méjì ń ké nísàlẹ̀, àpótí mi sì dákẹ́ lọ́wọ́ mi pátápátá. Wọ́n bá ibòmíràn lọ, mo sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ọkàn tó gbọgbẹ́. Láti ìgbà náà, inú ọ̀rá búrẹ́dì ni mo máa ń fi àpótí náà sí bí ojú ọjọ́ bá ti ṣú. Ẹ tiẹ̀ lè lò ó láìyọ ọ́ kúrò nínú ọ̀rá.

Abọ́ síléètì ni ìkejì: abọ́ pẹlẹbẹ tó gba àárín àtẹ́lẹwọ́, tí síléètì, gíláàsì tàbí àlùmíníọ́mù bo ojú rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pá kékeré tí ẹ ó dì mú bíi bírò. Iye owó wọn kò jìnnà síra. Síléètì rọ̀ lóhùn, ó dára fún ìgbà tí ẹyẹ ti sún mọ́ tòsí tí ẹ kò fẹ́ pariwo. Gíláàsì àti àlùmíníọ́mù ń ké jù ú lọ, wọ́n sì sàn jù ú lójò bí ọ̀pá tí ẹ lò kò bá jẹ́ igi. Ẹ máa fi pépà yanrìn ha ojú rẹ̀, ẹ má sì fi ìka kàn án, nítorí ọ̀rá ara wa ń pa ohùn rẹ̀. Àṣìṣe tí mo máa ń rí ni pé ènìyàn á gbé ọ̀pá kúrò lójú abọ́ lẹ́yìn ìró kọ̀ọ̀kan. Ẹ má gbé e. Ẹ fi ya òbìrípo kékeré lójú kan.

Ìkẹta ni èyí tó ń gbé inú ẹnu: férémù kékeré tí rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nà sí, tí ahọ́n ń tì mọ́ àjà ẹnu. Dọ́là 6 sí 12 péré ni. Ọwọ́ yín wà lófo, ìbọn ti wà lórí orúnkún, ẹ ṣì ń pè. Ní igbó ọba, níbi tí ẹyẹ ti ń wá pẹ̀lú ìfura, àǹfààní yìí ju gbogbo ti àwọn yòókù lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun ọjọ́ kan. Èébì á kọ́kọ́ fẹ́ gbé yín, lẹ́yìn náà ìró bíi ti pẹ́pẹ́yẹ ni yóò máa jáde fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Inú mọ́tò ni mo ti kọ́ tèmi, ní ọ̀nà ibi iṣẹ́, lójoojúmọ́ láti oṣù kìíní títí di oṣù kẹta. Inú fíríìjì ni kí ẹ máa tọ́jú rẹ̀ sí bí àsìkò bá parí.

Èyí tí a ń fi ìka tì tún wà, ó sì rọrùn ju gbogbo wọn lọ. Ohùn rẹ̀ kò jìnnà, ó sì lè dédé ké nínú àpò bí ẹ ṣe ń rìn. Ó dára fún ọmọdé. Ti onínáà tó ń lo bátìrì, ẹ má rà á rárá: òfin Georgia kò gbà á fún tòlótòló, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn náà kò sì gbà á.

Bí owó yín bá mọ sí ọ̀kan, abọ́ síléètì ni kí ẹ mú. Bí dọ́là mẹ́wàá bá ṣẹ́kù, ẹ fi ti inú ẹnu kún un, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ lónìí.

Ìbọn

Kí n tó dárúkọ ìbọn, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó lè dá ìwé ìgbélùú yín rú. Ẹni tó ní gíríìn káàdì tàbí tó ti di ọmọ Amẹ́ríkà lè ra ìbọn bí kò bá ní ìdíwọ́ mìíràn lábẹ́ òfin. Ẹni tó wá pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́, ti iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ tàbí ti àbẹ̀wò, òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà kó ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àfi bó bá bọ́ sábẹ́ àwọn àyè tí òfin náà là sílẹ̀. Ìwé àṣẹ ọdẹ tí kò tíì kú jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Ẹni tí àsìkò tí wọ́n fún un láti gbé ìlú ti kọjá kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìbọn, ì báà jẹ́ ti ọ̀rẹ́ tó ní kó bá òun gbé e. Ẹ bi lọ́yà kí ẹ tó dé ìsọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹran kan kò tó ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ lé ènìyàn kúrò nílùú.

Ní Georgia, ìbọn shotgun tó ń tú ọ̀pọ̀ ọmọ ọta jáde lẹ́ẹ̀kan ni òfin gbà fún tòlótòló, tàbí ọfà. Ráífù kò sí níbẹ̀. Nínú àwọn pọ́ǹpù, èyí tí a ń fi ọwọ́ fà síwá-sẹ́yìn kí ọta mìíràn tó wọlé, Remington 870 ti wà láti 1950, Mossberg 500 láti 1961. Àparò kan kò ga jùkan lọ níbẹ̀, àfi èyí tó bá gun orí ebè, ebè náà sì ni bí ìbọn ṣe bá èjìká yín mu. Ti Mossberg ní bọ́tìnnì ààbò lókè ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí àtàǹpàkò ń wà, ó sì rọrùn fún ẹni tó ń lo ọwọ́ òsì. Maverick 88, tí ilé iṣẹ́ Mossberg kan náà ń ṣe, wà ní nǹkan bí dọ́là 250, ó sì tó fún ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ yín. Ẹ kàn rí i pé ẹnu rẹ̀ gba choke tí a ń yí wọ̀ (ihò kékeré tó ń fún ẹnu ìbọn kí ọmọ ọta má fọ́nká jù), nítorí ẹ ó nílò èyí tó fún gan-an tí wọ́n dìídì ṣe fún tòlótòló.

Géèjì 12 ni gbogbo ènìyàn ń sá lọ bá (géèjì ni ìwọ̀n ihò ìbọn: bí nọ́ḿbà rẹ̀ bá ṣe kéré ni ihò náà ń tóbi). Èmi náà rà á, pẹ̀lú ọta oní-íǹṣì 3 àbọ̀, nítorí ẹni tó tà á fún mi ní àgbà ọdẹ kì í lo èyí tó kéré sí i. Ó lu èjìká mi débi pé ìbẹ̀rù mú mi dijú kí n tó yìn ín, mo sì tàsé akọ tó dúró ní yáàdì 25. Géèjì 20 fúyẹ́, kò ta èjìká tó bẹ́ẹ̀, kò sì dá yín lágara bí ẹ ti ń gùnkè. Ìbọn .410, tí ihò rẹ̀ kéré ju ti géèjì 20 lọ, bíi Stevens 301, tó ń gba ọta kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, fúyẹ́ jù wọ́n lọ, owó rẹ̀ kò sì pọ̀, ṣùgbọ́n ọta olówó ńlá ni yóò máa jẹ.

Òjé tàbí tungsten

Ibí gan-an ni owó ti ń lọ, ibẹ̀ sì ni ìfiwéra ti dùn jù. Tungsten, irin kan tí wọ́n fi ń ṣe ọmọ ọta tí wọ́n ń pè ní TSS, wúwo ju òjé lọ: sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì kan òjé jẹ́ gíráàmù 11.3, ti tungsten jẹ́ nǹkan bí 18. Nítorí náà ọmọ ọta tungsten tó kéré gan-an lè wọnú ẹran bíi ti òjé tó tóbi, púpọ̀ rẹ̀ sì lè wọ inú ọta kan. Ẹ wò ó (bí nọ́ḿbà ọmọ ọta bá ṣe ga ni ọmọ ọta náà ń kéré):

| Ìbọn àti ọta | Iye ọmọ ọta | Owó ọta kan |
|---|---|---|
| Géèjì 12, òjé nọ́ḿbà 5, áúńsì 1¾ | bíi 300 | dọ́là 2 sí 3 |
| Géèjì 20, TSS nọ́ḿbà 9, áúńsì 1½ | bíi 540 | dọ́là 8 sí 13 |
| .410, TSS nọ́ḿbà 9, áúńsì 13/16 | bíi 290 | dọ́là 8 sí 13 |

Èyí fi hàn pé .410 òní ń tú ọmọ ọta tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti géèjì 12 àtijọ́. Ẹni tó bá ti ní géèjì 12 nílé kò nílò TSS: òjé tó fún ẹyẹ tó wà láàárín yáàdì 40. Ẹni tó fẹ́ géèjì 20 tàbí .410, kó ka owó TSS mọ́ owó ìbọn. Ní àwọn ibi ìpamọ́ ẹranko kan tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, òjé kò tiẹ̀ bófin mu, nítorí náà ẹ ka òfin ibi tí ẹ ń lọ.

Èyíówù tí ẹ bá rà, ẹ dán an wò lórí pépà. Ẹ ya òbìrípo tí ìbú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 10, ẹ yìn ín láti yáàdì 40, kí ẹ ka ihò. Bí wọn kò bá tó 100, ẹ sún mọ́ ọn di 35, di 30. Ibi tí ẹ bá ti rí 100 ni òpin ìbọn yín. Orí àti ọrùn la ń yìn, torí ẹyẹ tí ọta bà lára tó sì sá lọ kú sínú igbó, ẹ̀bi wa ni.

Nínú owó ìbọn gígùn àti ọta, owó orí 11% wà níbẹ̀ lábẹ́ òfin Pittman-Robertson ti 1937, èyí tó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ẹranko ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Tòlótòló ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Irú owó yìí ni wọ́n fi ń mú wọn láti ibi tí wọ́n ṣẹ́kù sí lọ sí ibi tí wọn kò sí mọ́. Èyí kì í dùn mí láti san.

Àwọn yòókù

Lórí aṣọ, èyíkéyìí tó bá jọ ewé àti èèpo igi ti tó, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti ìbòjú. Ṣùgbọ́n pupa, funfun àti búlúù kò gbọdọ̀ hàn lára yín, kódà kó jẹ́ ìbọ̀sẹ̀ tàbí háńkáṣíìfù, nítorí àwọ̀ orí akọ tòlótòló nìyẹn, ọdẹ mìíràn sì lè yìn yín. Ẹ fi ẹ̀yìn ti igi tó fẹ̀ ju èjìká yín lọ. Bí ẹ bá rí ọdẹ tó ń bọ̀, ẹ má juwọ́, ẹ má fi ohun ìpè dún. Ẹ fi ohùn ènìyàn pariwo. Bí ẹ bá sì gbọ́ ohùn tòlótòló, ẹ má yọ́ lọ bá a, ó lè jẹ́ ènìyàn ló ń pè.

Tìmùtìmù tí ẹ ó fi jókòó ṣe pàtàkì ju aṣọ lọ, torí ẹni tí ìdí ń ro kò lè dúró jẹ́ẹ́ fún wákàtí kan. Àgọ́ aláṣọ dára fún ẹni tó mú ọmọ lọ, ṣùgbọ́n ó wúwo jù fún igbó ọba. Ère abo tó ṣeé ká, tí ẹ ó gbé kalẹ̀ kí akọ lè rò pé abo gidi ni, tí kò ju dọ́là 30 lọ, á ṣe iṣẹ́ tí olówó dọ́là 100 ń ṣe. Inú àpò ni kí ẹ máa gbé e sí bí ẹ bá ń rìn. Ère akọ, ẹ má lò ó lórí ilẹ̀ ìjọba. Ẹ ra oògùn eégbọn.

Bí mo bá tún bẹ̀rẹ̀ lónìí, ohun tí mo máa rà nìyí: Maverick 88 ní 250, páálí ọta òjé kan ní nǹkan bí 22, abọ́ síléètì 25, ti ẹnu 8, ìbọ̀wọ́ àti ìbòjú 20, tìmùtìmù 25. Ó jẹ́ dọ́là 350. Ìwé àṣẹ ọdẹ àti ti ẹran ńlá wà lọ́tọ̀, nítorí òfin Georgia ka tòlótòló mọ́ àgbọ̀nrín àti béárì. Ẹni tí wọ́n bí ní tàbí lẹ́yìn ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1961 gbọ́dọ̀ sì ti kọ́ ẹ̀kọ́ ààbò ọdẹ. Bí owó bá ṣẹ́kù, ẹ fi ra epo mọ́tò. Ilẹ̀ ìjọba máa ń ṣí lẹ́yìn ti aládàáni, nítorí náà ẹ lo oṣù kẹta: ẹ lọ dúró sẹ́bàá ọ̀nà igbó kí ilẹ̀ tó mọ́, láìmú ìbọn dání, kí ẹ ké bí òwìwí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì tẹ́tí.